Kò Lé, Kò Dín: Òfin Ìpamọ́ Nínú Ìṣirò Físíìsì

Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́, ó ṣòro kí a tó rí èyí tí ó ń já akẹ́kọ̀ọ́ láyà tó físíìsì. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jìnnà sí ayé tí a ń gbé. Àgbọn tí ó já bọ́ láti orí igi, ọkọ̀ tí ó ń sáré lójú títì, omi tí ó ń hó nínú ìkòkò, àti ọkọ̀ ojú omi tí ó ń sún sẹ́yìn nígbà tí ẹnì kan bá fò kúrò nínú rẹ̀, àwọn wọ̀nyí ni físíìsì ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ohun tí ó ń dẹ́rù ba akẹ́kọ̀ọ́ ni fọ́múlà. Ó rí wọn bí wọ́n ti tò lọ rẹrẹẹrẹ nínú ìwé, ó sì rò pé kí òun há gbogbo wọn sórí ni iṣẹ́ tí ó wà níwájú òun. Ó há wọn tán, ó wọ inú gbọ̀ngàn ìdánwò, ó ka ìbéèrè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá fọ́múlà tí àwọn lẹ́tà inú rẹ̀ bá àwọn nọ́ńbà inú ìbéèrè mu, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ní ìdì kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ tí ó ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan lára àgádágodo. Nígbà mìíràn ilẹ̀kùn a ṣí. Nígbà mìíràn kọ́kọ́rọ́ a kán sínú rẹ̀.

Àwọn tí ó mọ ẹ̀kọ́ yìí dunjú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó ronú kan fọ́múlà rárá, ìbéèrè kan ni wọ́n máa ń bi ara wọn: nínú ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ yìí, kí ni kò lé, tí kò sì dín? Ẹni tí ó bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè náà ti ṣe ju ìdajì iṣẹ́ lọ. Ẹni tí kò bá sì bi í, bí ó tilẹ̀ há ọgọ́rùn-ún fọ́múlà sórí, ó lè ṣe ìsọdipúpọ̀ àti ìpín rẹ̀ láìsí àṣìṣe kan ṣoṣo, kí ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ irọ́ pátápátá.

Èsúsú àti Òfin Ìpamọ́

Kò sí ẹni tí ó ń ná ọjà nílẹ̀ Yorùbá tí kò mọ èsúsú. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá parapọ̀ dá èsúsú, tí olúkúlùkù ń dá ₦5,000 lóṣooṣù, ẹnì kan ni yóò máa kó ₦50,000 lóṣù kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kárí. Ẹni tí ó bá wo ẹni tí ó kó lóṣù yìí nìkan lè rò pé owó ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́ láti ọ̀run. Ẹni tí ó bá sì wo àwọn mẹ́sàn-án yòókù nìkan lè rò pé owó ti ṣègbé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka owó àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ̀ yóò rí i pé iye rẹ̀ kò lé, bẹ́ẹ̀ ni kò dín. Ọwọ́ ni owó ń pààrọ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òfin ìpamọ́ rí nínú físíìsì. Àwọn nǹkan kan wà nínú ayé tí wọ́n máa ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, tí wọ́n sì ń pa ìrísí dà, ṣùgbọ́n tí àpapọ̀ wọn kì í yí padà. Iṣẹ́ ẹni tí ó ń ṣe ìṣirò ni láti kà wọ́n kí ohun kan tó ṣẹlẹ̀, kí ó tún kà wọ́n lẹ́yìn tí ó ṣẹlẹ̀ tán, kí ó sì fi ìkà méjèèjì dọ́gba.

Nǹkan méjì ni ó yẹ kí a ṣàkíyèsí lára èsúsú yìí, nítorí pé wọn yóò padà wá nínú gbogbo ìṣirò tí ó wà níwájú. Èkínní, a gbọ́dọ̀ mọ àwọn tí ó wà nínú ẹgbẹ́ àti àwọn tí kò sí níbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá mú owó san gbèsè fún ará ìta, àpapọ̀ owó ẹgbẹ́ yóò dín. Kì í ṣe pé òfin ti bàjẹ́. Owó ni ó ti kọjá ọgbà. Èkejì, ohun tí a kà ní ìbẹ̀rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ kà ní òpin. Ẹni tí ó bá ka iye náírà ní òwúrọ̀, tí ó wá ka iye bébà owó ní ìrọ̀lẹ́, yóò da ara rẹ̀ láàmú, nítorí pé bébà ₦1,000 kan àti bébà ₦200 márùn-ún kò yàtọ̀ nínú náírà, ṣùgbọ́n wọ́n yàtọ̀ nínú iye bébà.

Ipá, Iṣẹ́ àti Agbára

Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, Yorùbá a máa lo ọ̀rọ̀ náà agbára fún ohun púpọ̀. Ọba ní agbára, abẹ́rẹ́ oníṣègùn ní agbára, ẹni tí ó gbé odó ní agbára. Kò sí àléébù nínú èyí, ṣùgbọ́n físíìsì ń béèrè pé kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró sí ààyè tirẹ̀. Nítorí náà, ipá ni títì tàbí fífà tí ohun kan ń ti òmíràn tàbí tí ó ń fà á. Newton ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ ni ohun tí ipá ṣe nígbà tí ó bá mú nǹkan kúrò ní ibi kan dé ibòmíràn ní ìhà tí ipá náà kọjú sí. A máa ń rí iye rẹ̀ bí a bá fi ìjìnnà sọ ipá di púpọ̀. Agbára ni ohun tí ó wà lára nǹkan tí ó fi lè ṣe iṣẹ́. Joule ni a fi ń wọn iṣẹ́ àti agbára.

Ẹ̀kọ́ yìí kì í tètè wọ akẹ́kọ̀ọ́ létí. Alábàárù tí ó gbé àpò ìrẹsì láti ilẹ̀ sí orí ti ṣe iṣẹ́ lórí àpò náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé e sórí, tí ó ń rìn lọ lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú láìyí ìyára padà, físíìsì sọ pé kò ṣe iṣẹ́ kankan mọ́ lórí àpò náà, nítorí pé òkè ni ipá rẹ̀ kọjú sí, iwájú sì ni àpò ń lọ. Òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀ lóòótọ́, iṣan ara rẹ̀ sì ń jẹ nínú oúnjẹ tí ó jẹ. Síbẹ̀ agbára àpò kò fi ẹyọ joule kan lé sí i.

Ọ̀nà méjì ni ohun kan fi lè ní agbára tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí. Bí ó bá wà ní ibi gíga, ó ní agbára ipò, èyí tí í ṣe mgh. Bí ó bá ń lọ, ó ní agbára ìrìn, èyí tí í ṣe ½mv². Lẹ́tà m dúró fún ìwọ̀n ohun náà ní kìlógíráàmù, h fún gíga rẹ̀ ní mítà, v fún ìyára rẹ̀, ìyẹn iye mítà tí ó ń lọ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, g sì dúró fún òòfà ilẹ̀, tí iye rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 9.8. Lẹ́yìn agbára, ohun mìíràn tún wà tí a ń pè ní mòméńtọ̀mù, èyí tí í ṣe mv. Àmọ́ mòméńtọ̀mù ní ìhà tí ó kọjú sí. Bí a bá pe ti ẹni tí ó ń lọ sí iwájú ní àfikún, ti ẹni tí ó ń lọ sí ẹ̀yìn yóò jẹ́ ìyọkúrò.

Àríyànjiyàn Lórí Ohun Tí Kò Lé, Tí Kò Dín

Kò yẹ kí ojú ti akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń fi mv ṣì ½mv² mú, nítorí pé àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé Yúróòpù jà lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1644, René Descartes, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ ọ́ sínú ìwé pé àpapọ̀ ìrìn tí ó wà láyé kì í yí padà, àti pé bí a bá fẹ́ mọ iye rẹ̀ lára ohun kan, kí a fi ìyára ohun náà sọ títóbi rẹ̀ di púpọ̀. Ní ọdún 1686, Gottfried Leibniz, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ta kò ó. Ó ní kì í ṣe ìyára lásán ni a ó fi sọ ọ́ di púpọ̀ bí kò ṣe ìyára lẹ́ẹ̀mejì. Willem 's Gravesande ní ilẹ̀ Họ́láǹdì wá ju bọ́ọ̀lù idẹ sílẹ̀ láti òkè sórí amọ̀ rírọ̀. Ó rí i pé bí ìyára bọ́ọ̀lù bá di ìlọ́po méjì, ihò tí ó dá sínú amọ̀ kì í jìn ní ìlọ́po méjì, bí kò ṣe ìlọ́po mẹ́rin. Ní ọdún 1740, Émilie du Châtelet, obìnrin ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Faransé, lo ìdánwò irú èyí láti gbe Leibniz lẹ́sẹ̀ nínú ìwé físíìsì tí ó kọ.

Lónìí ó hàn gbangba pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kà, àti pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀. Descartes kò ka ìhà tí ohun kọjú sí mọ́ ọn. Bí a bá kà á mọ́ ọn, ohun tí ó ń wá ni mòméńtọ̀mù, òfin rẹ̀ sì dúró ṣinṣin. Ti Leibniz náà dúró, bí a bá lè tọpasẹ̀ gbogbo ibi tí agbára gbà lọ.

Níhìn-ín ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Ipá tí a fi àkókò sọ di púpọ̀ ni ó ń yí mòméńtọ̀mù padà. Ipá tí a fi ìjìnnà sọ di púpọ̀ ni ó ń yí agbára padà. Nígbà tí ohun méjì bá kọlu ara wọn, ipá tí èkínní fi ti èkejì ni èkejì fi ń ti èkínní padà, gẹ́gẹ́ bí Isaac Newton ti fi kọ́ni ní ọdún 1687. Àkókò tí èkínní sì fi kan èkejì ni èkejì fi kan èkínní. Nítorí náà, iye mòméńtọ̀mù tí ọ̀kan pàdánù ni èkejì jèrè, kò sì sí ihò mìíràn tí ó lè gbà sá lọ. Ṣùgbọ́n agbára ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹnu ọ̀nà. Ó lè di ooru, ó lè di ìró, ó lè fọ́ igi, ó lè tẹ irin. Àpapọ̀ rẹ̀ kò dín, ṣùgbọ́n èyí tí ó jẹ́ agbára ìrìn nínú rẹ̀ lè dín, ó sì lè lé.

Ọkọ̀ ojú omi fi èyí hàn kedere. Bí ẹnì kan tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kìlógíráàmù 60 bá fò kúrò nínú ọkọ̀ tí ó dúró jẹ́ẹ́, tí ìwọ̀n ọkọ̀ náà jẹ́ kìlógíráàmù 120, tí ó sì ń lọ síwájú ní mítà 2 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, ọkọ̀ yóò sún sẹ́yìn ní mítà 1 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, bí a bá yọ dídá tí omi ń dá a dúró sílẹ̀. Mòméńtọ̀mù ẹni náà jẹ́ 120 síwájú, ti ọkọ̀ jẹ́ 120 sẹ́yìn. Àpapọ̀ wọn jẹ́ òdo, gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ òdo kí ó tó fò. Ṣùgbọ́n agbára ìrìn, tí kò sí rárá tẹ́lẹ̀, ti di joule 120 lára ẹni náà àti joule 60 lára ọkọ̀. Ibo ni joule 180 ti wá? Láti inú oúnjẹ tí ẹni náà jẹ, tí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ di ìrìn.

Bí A Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀ Ìṣirò

Láti inú ohun tí a ti sọ yìí ni ìlànà ìṣirò ti jáde. Èkínní, kí akẹ́kọ̀ọ́ ya àwòrán ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, kí ó sì fi ọgbà yí àwọn ohun tí ó fẹ́ kà ká. Èkejì, kí ó béèrè bóyá ohun kan ń wọ inú ọgbà tàbí ó ń jáde. Bí ipá láti ìta kò bá ti àwọn ohun inú ọgbà, mòméńtọ̀mù wọn kò ní yí padà. Bí ohunkóhun kò bá sọ agbára di ooru tàbí ìró, tí kò sì sí ará ìta tí ó ṣe iṣẹ́ níbẹ̀, àpapọ̀ agbára ipò àti agbára ìrìn kò ní yí padà. Ẹ̀kẹta, kí ó kọ iye ti ìṣáájú sí ọwọ́ òsì, kí ó kọ iye ti ìgbẹ̀yìn sí ọwọ́ ọ̀tún, kí ó sì fi wọ́n dọ́gba. Ẹ̀kẹrin, kí ó fi lẹ́tà ṣe iṣẹ́ náà títí dé òpin kí ó tó fi nọ́ńbà sí i, nítorí pé lẹ́tà a máa fi ohun tí nọ́ńbà bò mọ́lẹ̀ hàn. Ẹ̀karùn-ún, kí ó fi làákàyè wọn ìdáhùn rẹ̀ wò kí ó tó fi kálàmù sílẹ̀.

Àgbọn tí ó já bọ́ láti orí igi tí ó ga ní mítà 20 rọrùn fún àpẹẹrẹ. Kí ó tó já, agbára ipò ni gbogbo ohun tí ó ní, mgh. Nígbà tí ó bá fẹ́ kan ilẹ̀, agbára ìrìn ni gbogbo rẹ̀, ½mv². Bí a bá fi wọ́n dọ́gba, lẹ́tà m wà ní ìhà méjèèjì, a ó sì pa á rẹ́. Èyí ti sọ ohun ńlá kan fún wa kí a tó kọ nọ́ńbà kankan: bí a bá yọ ti afẹ́fẹ́ kúrò, àgbọn ńlá àti àgbọn kékeré yóò balẹ̀ pẹ̀lú ìyára kan náà. Ohun tí ó kù ni pé v² jẹ́ 2gh, ìyẹn 2 × 9.8 × 20, tí í ṣe 392; v sì jẹ́ nǹkan bí mítà 19.8 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí ó tó kìlómítà 71 ní wákàtí kan. Ẹni tí ó bá rí i pé àgbọn ń bọ̀ pẹ̀lú irú eré bẹ́ẹ̀ yóò mọ ìdí tí a kì í fi í sùn sábẹ́ igi rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn lè lo fọ́múlà ìrìn, v² = u² + 2gh, kí ó sì dé ibì kan náà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ òfin ìpamọ́ mọ̀ pé ọmọ òfin náà ni fọ́múlà yìí, kò sì ní dààmú bí ó bá gbàgbé rẹ̀.

Ọta Ìbọn àti Ìtì Igi

Ìbéèrè tí ó ń ya ẹni tí ó mọ òfin sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó há fọ́múlà sórí ni ti ọta ìbọn. Ní ọdún 1742, Benjamin Robins, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé kan lórí ìbọn, ó sì ṣàlàyé nínú rẹ̀ bí a ṣe lè mọ ìyára ọta tí ojú kò lè rí bí ó ti ń lọ. Ohun tí ó ṣe ni pé ó so ohun wíwúwo kan tí ó ní pátákó igi lójú rọ̀, ó yìnbọn lù ú, ọta wọ inú igi, ó sì jókòó síbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ fì lọ pọ̀, Robins sì wọn bí ó ti fì tó.

Kí a gbà pé ọta jẹ́ gíráàmù 10, ìyẹn kìlógíráàmù 0.010, pé ìtì igi tí a so rọ̀ jẹ́ kìlógíráàmù 1.99, àti pé àwọn méjèèjì fì sókè ní mítà 0.20. Kí ni ìyára ọta?

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kánjú yóò sọ pé agbára kì í ṣègbé, yóò sì fi agbára ìrìn ọta dọ́gba pẹ̀lú agbára ipò tí àwọn méjèèjì ní lókè. Agbára ipò náà jẹ́ 2 × 9.8 × 0.20, tí í ṣe joule 3.92. Bí a bá fi ½mv² dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, v yóò jẹ́ mítà 28 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí àṣìṣe nínú ìsọdipúpọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi làákàyè wọ̀n ọ́n, mítà 28 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 100 ní wákàtí kan. Ọta ìbọn wo ni ọkọ̀ akérò lè yà sílẹ̀ lójú títì?

Ohun tí ó ṣìnà níbẹ̀ ni pé ó ka ìṣẹ̀lẹ̀ méjì sí ẹyọ kan. Ìṣẹ̀lẹ̀ kìn-ín-ní ni ìkọlù, nígbà tí ọta ń wọ inú igi. Ó yára tó bẹ́ẹ̀ tí igi kò tíì kúrò lójú kan, okùn kò sì tíì fà á sí ẹ̀gbẹ́; nítorí náà mòméńtọ̀mù ọta àti igi kò yí padà. Agbára ìrìn ni ó yí padà, nítorí pé ọta ń ya igi, ó sì ń gbóná. Ìṣẹ̀lẹ̀ kejì ni fífì. Níhìn-ín, okùn àti ilẹ̀ ń fa igi láti ìta, nítorí náà mòméńtọ̀mù rẹ̀ ń dín títí ó fi dúró lókè. Ṣùgbọ́n okùn kì í ṣe iṣẹ́ lórí rẹ̀, nítorí pé ìbú ni igi ń fì gba ojú okùn kọjá. Agbára ni kò yí padà níbẹ̀. Ìwé ìṣirò kan fún ìkọlù, òmíràn fún fífì.

A ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Nínú fífì, V² = 2 × 9.8 × 0.20 = 3.92, nítorí náà ìyára igi àti ọta lẹ́yìn ìkọlù jẹ́ mítà 1.98 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú ìkọlù, 0.010 × v = 2.00 × 1.98, v sì jẹ́ mítà 396 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí ni ó jọ ọta ìbọn. Bí a bá tún ka agbára, ọta gbé nǹkan bí joule 784 wá, ṣùgbọ́n joule 3.92 péré ni ó kù nínú fífì. Nínú igba joule, ẹyọ kan ni ó ṣẹ́kù. Gbogbo ìyókù ti di ooru, ìró, àti igi yíya.

Búréèkì Ọkọ̀

Ìṣirò kan wà tí kò yẹ kí ó parí sínú ìwé ìdánwò, nítorí pé ẹ̀mí ènìyàn so mọ́ ọn. Kí a mú ọkọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kìlógíráàmù 1,200, tí ń sáré kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ìyẹn mítà 16.7 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Agbára ìrìn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí joule 166,700. Bí awakọ̀ bá tẹ búréèkì, tí ipá tí ó ń dá ọkọ̀ dúró jẹ́ newton 6,000, ọkọ̀ náà yóò lọ tó mítà 27.8 kí ó tó dúró, nítorí pé iṣẹ́ búréèkì gbọ́dọ̀ jẹ gbogbo agbára náà tán. Bí eré bá di kìlómítà 120, ìyẹn ìlọ́po méjì, agbára ìrìn kò ní di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́rin ni yóò dà, nǹkan bí joule 666,700, ọkọ̀ yóò sì lọ tó mítà 111 kí ó tó dúró. Bí a bá wá fi ìṣẹ́jú àáyá kan tí awakọ̀ fi ń rí ewu kí ó tó gbé ẹsẹ̀ lé búréèkì kún un, ọkọ̀ àkọ́kọ́ yóò dúró lẹ́yìn mítà 44 ó lé díẹ̀, ti èkejì yóò dúró lẹ́yìn mítà 144 ó lé díẹ̀.

Ó kù sí i. Ká ní ọkọ̀ méjèèjì tẹ búréèkì ní ojú kan náà. Ní ibi tí ẹni tí ń sáré 60 ti dúró pátápátá, búréèkì ti ẹni tí ń sáré 120 kò tíì jẹ ju ìdá kan nínú ìdá mẹ́rin agbára rẹ̀ lọ. Ìdá mẹ́ta ṣì kù, ìyára rẹ̀ níbẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 104 ní wákàtí kan. Bí ọmọ kan bá dúró síbẹ̀, ẹni ìṣáájú kò kàn án. Ẹni ìkẹyìn yóò kọlù ú bí ẹni pé kò tẹ búréèkì rárá. Nígbà tí a dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1988, tí Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ìkìlọ̀ nípa eré àsápajúdé wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ìlọ́po mẹ́rin tí ó wà nínú v² ni ìdí ìkìlọ̀ náà. Awakọ̀ lè rò pé òun fi ìlọ́po méjì eré ra àkókò. Ìlọ́po mẹ́rin agbára ni ó gbé sórí búréèkì.

Nígbà Tí Ìṣirò Kò Bá Dọ́gba

Bí owó èsúsú kò bá pé, ẹ̀yin àgbà kì í kọ́kọ́ sọ pé ìṣirò ni kò wúlò. Wọn a béèrè ọwọ́ ẹni tí owó wà. Bẹ́ẹ̀ ni físíìsì ti rí láti ìgbà pípẹ́. Nígbà tí ohun méjì bá ń gbo ara wọn, tí ìrìn sì ń tán, ó dà bí ẹni pé agbára ń ṣègbé. James Joule, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú ìwọ̀n irin, ó jẹ́ kí ó máa sọ̀ kalẹ̀ kí ó sì máa yí àjẹ̀ nínú omi. Ní àwọn ọdún 1840 ni ó ṣe èyí. Ó rí i pé omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, àti pé iye iṣẹ́ kan náà ni ó ń mú iye ooru kan náà jáde nígbà gbogbo. Agbára kò ṣègbé; inú omi ni ó wà. Ní ọdún 1847, Hermann von Helmholtz kọ òfin náà sílẹ̀ fún gbogbo irú agbára.

Ìdánwò tí ó le jù dé lẹ́yìn náà. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń wo bí inú átọ̀mù kan ṣe ń tú ẹ̀lẹ́kítíróónì jáde, wọ́n rí i pé agbára tí ó jáde kò tó èyí tí ó yẹ. Niels Bohr pàápàá sọ pé bóyá òfin kò dúró níbẹ̀. Ní ọdún 1930, Wolfgang Pauli ní rárá, ó ní ohun kékeré kan wà tí ń jáde pẹ̀lú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí, òun ni ó ń gbé ìyókù lọ. Ó di ọdún 1956 kí Clyde Cowan àti Frederick Reines tó rí i mú ní Amẹ́ríkà. Neutrino ni orúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi dúró ti ìwé ìṣirò, ìwé náà sì jàre.

Emmy Noether, obìnrin oníṣirò ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó fi ìdí òfin wọ̀nyí hàn ní ọdún 1918. Ó fi ìṣirò hàn pé nítorí pé òfin ayé kò yàtọ̀ lónìí sí ti àná ni agbára kò fi lé tí kò sì dín. Nítorí pé òfin ayé kò yàtọ̀ níhìn-ín sí ọ̀hún ni mòméńtọ̀mù kò fi lé tí kò sì dín. Bí àgbọn ṣe ń já lónìí ni yóò ṣe máa já lọ́la, bí ó sì ṣe ń já ní Èkó náà ni yóò ṣe já ní ibòmíràn tí òòfà ilẹ̀ bá ti jẹ́ bákan náà.

Iṣẹ́ Olùkọ́

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ jù lọ. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ mìíràn fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àbájáde rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, àní nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí fún físíìsì ni pé òye ni ó yẹ kí ó ṣáájú, kí fọ́múlà tẹ̀ lé e. Ọmọ tí ó lè sọ ní èdè abínibí rẹ̀ ibi tí agbára ti wá, ọwọ́ ẹni tí ó bọ́ sí, àti ohun tí ó dà, ti ṣe ìṣirò náà tán kí ó tó kọ lẹ́tà kan. Èyí tí kò bá lè sọ ọ́, ayékòótọ́ ni, bí ó tilẹ̀ gba máàkì.

Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe kọ fọ́múlà sójú pátákó ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Kí ó kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ pé kí ni wọ́n fẹ́ kà, ta ni ó wà nínú ọgbà, kí ni ó ń wọlé, kí ni ó ń jáde. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jiyàn lórí rẹ̀ dáadáa, kí ó wá fi lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin gé ọ̀rọ̀ wọn kúrú. Wọn yóò rí i nígbà náà pé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn fúnra wọn ni fọ́múlà, a kàn kọ ọ́ ní kúkúrú ni.